Ajá Tó Ń Gbaná Jẹ: Ìbéèrè Àwọn Alájá Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn alájá ń bi mí láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ni mo fi kó wọn jọ síbí. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín.

Irú ajá wo ni à ń pè ní ajá tó ń gbaná jẹ?

Ajá tí ohun kékeré máa ń dà láàmú kọjá bó ṣe yẹ ni. Ajá mìíràn á rí ọlọ́kadà tó ń kọjá, á gbórí sókè, á tún forí lélẹ̀. Tiyín rí ọlọ́kadà kan náà, ó fò mọ́ géètì, ó ń gbó títí ohùn fi há, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ fa okùn, ó tún le sí i. Ọlọ́kadà á ti dé Òkè-Ajé kí mímí ajá náà tó wálẹ̀.

Ohun tó ń tọ́ wọn ò dọ́gba. Ti òmíràn, ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ti òmíràn, ọmọdé tó ń sáré, ẹṣin, agboòrùn tó ṣí lójijì, tàbí obìnrin tó gbé igbá sórí. Ẹ má fojú kékeré wo ẹni tó gbé ẹrù sórí o. Lójú ajá tí kò rí irú rẹ̀ rí, ẹni yẹn ga ju èèyàn lọ, orí rẹ̀ kò sì rí bí orí.

Ṣé ajá burúkú ni?

Rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ̀dá tí ẹ̀rù bá ń bà á sá, tàbí kó lé ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ. Ajá tó wà lórí okùn tàbí nínú ọgbà ò ríbi sá sí, lílé ló kù. Ó gbó, ọlọ́kadà kọjá, torí ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ajá ti gbà pé gbígbó òun ló lé e. Lọ́la, á tètè bẹ̀rẹ̀ ju tòní lọ.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rù. Wọ́n fẹ́ lọ kí ajá kejì ni, okùn ò jẹ́, ìkanra wá di ariwo. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Kí ló sọ ọ́ dà báyìí?

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbà ọmọdé rẹ̀. Ìwádìí tí John Paul Scott àti John Fuller gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1965 fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù lọ fún ohun tuntun. Ohun tó bá rí nígbà yẹn tí kò pa á lára, á di ara ayé rẹ̀. Ohun tí kò bá rí lè máa bà á lẹ́rù títí tó fi máa dàgbà. Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe é níbí: a ra ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ márùn-ún lẹ́bàá títì, a so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, oṣù mẹ́fà kọjá, èèyàn mẹ́ta péré ló mọ̀. Ìgbà tó dàgbà tán la wá ń retí pé kó bá wa rìn kọjá ní gáréèjì Ìbàdàn láìgbó.

Ọ̀rọ̀ ìran náà wà ńbẹ̀. Ìyá tó ń bẹ̀rù èèyàn sábà máa ń bí ọmọ tó ń bẹ̀rù èèyàn. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń sọ ọ́ lókùúta láti ẹ̀yìn géètì náà wà ńbẹ̀. Ìrora tún wà, èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: etí tó ń kẹ̀ nínú, eégbọn tó kún àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, eyín tó bàjẹ́, oríkèé tó ń ro ó. Ajá tó ti ń bá yín gbé jẹ́jẹ́ tó wá ṣàdédé di oníjàgídíjàgan, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Èyí tó bá le, ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, ìyẹn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, wà ní Abẹ́òkúta.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ata tàbí ẹ̀tù ìbọn ń jẹ́ kí ajá mú dáadáa?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ata ń jó o nínú. Ẹ̀tù ìbọn ní imí ọjọ́ àti kẹ́míkà mìíràn tí kò yẹ kó wọnú ẹ̀dá kankan. Ajá tí inú ń run á máa kanra mọ́ gbogbo èèyàn, títí kan ọmọ yín tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ìkanra yẹn làwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi ń sọ pé ó ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni títì í mọ́lé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má baà mọ èèyàn. Ajá tó dáa láti ṣọ́ ilé ni èyí tó lè dá ẹni tó yẹ kó wọlé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò yẹ. Ajá tí gbogbo ayé ń bà lẹ́rù ò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ṣé kí n nà án tó bá ń gbó àlejò?

Ẹ wò ó bí ajá ṣe rí i. Ó rí àlejò, ẹ̀rù bà á, ó gbó, pàṣán balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ ni pé bí àlejò bá ti dé, ìyà dé. Ìgbà mìíràn tí ẹnìkan bá kan géètì, ẹ̀rù á ti di méjì.

Èyí tó léwu jù ni kéèyàn máa lù ú torí pé ó kùn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ tí ajá ní. Ẹ lè lu kíkùn kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ ò lè lu ẹ̀rù kúrò nínú rẹ̀. Ajá tí wọ́n ti lù títí tí kò fi kùn mọ́, òun ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣàdédé géèyàn jẹ. Kò ṣàdédé. Wọ́n ti gba ohùn tó fi ń kìlọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀?

Ẹ má wo ìrù nìkan. Ìrù tó ń mì kì í ṣe àmì ayọ̀ nígbà gbogbo. Tó bá nà gan-an sókè tó ń gbọ̀n wìrìwìrì, ẹ fà sẹ́yìn. Ẹnu ni kẹ́ ẹ máa wò. Ajá tí ara tù máa ń la ẹnu díẹ̀, ahọ́n á rọ̀ sílẹ̀. Bó bá rí ohun tó ń dà á láàmú, ẹnu á pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, á dá èémí dúró. Etí á kọjú síwájú, ẹsẹ̀ iwájú kan lè gbé sókè díẹ̀, irun ẹ̀yìn ọrùn á dìde, ojú á kàn mọ́ ibì kan. Láti ìgbà tí ẹnu bá pa dé títí di ìgbà tó máa kọ́kọ́ gbó, àkókò díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tó láti yí padà. Inú àkókò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Àmì mìíràn máa ń ṣáájú ìyẹn pàápàá: kó máa yán láìsí pé oorun ń kùn ún, kó máa lá imú léraléra, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo nǹkan títí funfun ojú á fi hàn.

Nílé, ó ń gbọ́ràn. Kí ló dé tí kì í gbọ́ mi tó bá ti ń gbó?

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn alájá máa ń fi ìbínú pa òwe yẹn fún mi, bí ẹni pé ajá mọ̀ọ́mọ̀ kọ etí dídi ni. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Bí ẹ̀rù bá ti gbà á lọ́kàn tán, gbogbo ara rẹ̀ ti múra ìjà tàbí sísá, kò sí àyè fún àṣẹ. Ẹ ju ẹja tó fẹ́ràn jù síwájú rẹ̀, kò ní fojú kàn án.

Òṣùwọ̀n tó rọrùn nìyẹn. Bó bá ti kọ oúnjẹ, ẹ ti sún mọ́ ohun náà jù. Ẹ má pàṣẹ, ẹ má kígbe. Ẹ yí padà, ẹ jọ kúrò níbẹ̀.

Kí ni mo lè bẹ̀rẹ̀ lónìí?

Àyè. Ajá tí kò lè fara da ajá mìíràn ní mítà 5 lè máa wò ó jẹ́jẹ́ ní mítà 30. Ẹ wá ibi tí tiyín ti lè wò láìgbó, ẹ má sì kọjá ibẹ̀. Ẹ bọ́ sí òdì kejì títì, ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò tó dúró, ẹ padà sílé bó bá gba bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín ohun tó ń rí kù. Ẹ fi páànù tàbí tapólì dí géètì onírin tó ń gbà rí ìta. Gbogbo ìgbà tó bá fò mọ́ géètì yẹn ló ń kọ́ṣẹ́ gbígbó, ó sì ń mọ̀ ọ́n sí i.

Ẹ yan àsìkò tẹ́ ẹ máa jáde. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jẹ́ kí àwọn tó lọ kírun àsùbáà ti padà sílé, kí àwọn ọmọléèwé má sì tíì jáde; àárín méjèèjì máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, pápá ilé-ìwé máa ń ṣófo. Ẹni tó wà ní Ìkẹ́nẹ́ tàbí Ìpẹru ní ọ̀nà oko nítòsí, ìyẹn sàn ju títì lọ, bẹ́ ẹ bá ti ń ṣọ́ àwọn màlúù. Ẹ jẹ́ kí okùn gùn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ bẹ́líìtì tó gba àyà kọjá dípò ti ọrùn. Okùn tó ń fún un lọ́rùn ń fi ìrora kún ẹ̀rù ni.

Báwo ni oúnjẹ ṣe ń yí ọkàn ajá padà?

Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ló fi hàn pé ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú ajá lè mú itọ́ wá sí i lẹ́nu, bó bá ti ń ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo. Ohun tí à ń lò nìyẹn.

Ẹ mú ọ̀bíọmá tó ń lu àlùmọ́gàjí rẹ̀ kiri àdúgbò. Ohùn náà dún lókèèrè, etí ajá gbéra. Ẹ ju ṣáwá bíńtín sí i lẹ́nu. Ó tún dún, ṣáwá tún dé. Ọ̀bíọmá yà sí kọ̀rọ̀, ohùn parẹ́, ṣáwá náà parẹ́. Ìtẹ̀léra yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́: kí ohùn kọ́kọ́ dé, kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e. Bí oúnjẹ bá ń ṣáájú, ó lè di pé oúnjẹ gan-an ni yóò máa bà á lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan, àlùmọ́gàjí á dún, ajá á yíjú sí yín, á máa retí ẹja. Ìgbà yẹn lẹ tó lè sún mọ́ ọn díẹ̀.

Kó má jẹ́ ẹ̀bà tó ń jẹ lójoojúmọ́. Ṣáwá tẹ́ ẹ ti yọ egungun rẹ̀ dáa. Ẹ̀dọ̀ màlúù náà dáa, tẹ́ ẹ bá sè é láìsí iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ìṣẹ́jú 10 ti tó lójúmọ́. Oṣù ni kẹ́ ẹ máa fi ka iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọjọ́.

Ṣé kì í ṣe rìbá nìyẹn?

Rárá. Ẹ ò ra ìwà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ọlọ́kadà jẹ́ lójú rẹ̀ lẹ̀ ń yí padà. Kódà bó bá gbó díẹ̀ tó sì ṣì lè jẹun, ẹ fún un. A kì í fi ẹja kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rù.

Lánàá ó dáa, lónìí ó burú. Kí ló fà á?

Ẹ ṣírò gbogbo ohun tó kọjá lórí rẹ̀. Àrá sán lóru, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́rin, oníṣẹ́ omi wọlé láàárọ̀, lẹ́yìn náà lẹ wá pàdé ajá kan ní ìkóríta. Garawa abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ni: ẹ̀kán tó mú un ṣàn sílẹ̀ kọ́ ló kún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má mú un jáde fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ fọ́n oúnjẹ rẹ̀ sínú koríko tàbí sínú àpò ìrẹsì tó ṣófo kó máa fimú wá a. Fífi imú wá nǹkan máa ń mú ọkàn ajá rọlẹ̀ ju sísáré lọ.

Kí ni ká ṣe lásìkò Iléyá àti Ojúde Ọba?

Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ kí àgbò tó dé. Àgbò tí wọ́n so mọ́ àgbàlá máa ń dá wàhálà sílẹ̀: òórùn rẹ̀, igbe rẹ̀, pátákò tó ń gba sìmẹ́ńtì. Ẹ so ó síbi tí ajá ò ti ní máa rí i tọ̀sán-tòru.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Àwọn regbẹ́regbẹ́ ń jó kọjá, ìlù ń ró, àwọn ọmọ ìdílé Balógun wà lórí ẹṣin, ìbọn ṣakabùlà ń dún. Ohun ẹwà ni, mi ò fẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀bú kankan pàdánù rẹ̀ nítorí ajá. Ajá ni kó má débẹ̀. Etí èèyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá tín-ín-rín ju nǹkan bí 20,000 Hz lọ (Hz ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó), ti ajá ń dé nǹkan bí 45,000, ohùn tó sì jìnnà sí wa ṣe ketekete létí rẹ̀.

Ẹni tílé rẹ̀ wà nítòsí ààfin, ó sàn kó gbé ajá lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Odògbólú tàbí Àgọ́-Ìwòyè láti ọjọ́ kejì Iléyá. Bí kò bá síbi gbígbé e lọ, yàrá inú lọ́hùn-ún ni. Ẹ ti fèrèsé, ẹ ta aṣọ bò ó, ẹ tan fáànù àti rédíò, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lánàá tẹ́ ẹ ò tíì fọ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹnìkan sì dúró nílé. Bó bá wá fara mọ́ yín, ẹ jẹ́ kó fara mọ́ yín. Kò ní bà á jẹ́. Ẹ má fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ igi rárá. Ajá tó ń sá fún ìbọn lè fi ẹ̀wọ̀n fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe fún nọ́káòtù oṣù Kejìlá.

Àwọn aládùúgbò ò fẹ́ rí i. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ má sọ pé kì í géèyàn jẹ. Kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ẹ ò sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá bàbá onílé, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣe: a ti dí géètì, kì í jáde láìsí okùn, àsìkò tó ń jáde nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ni kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ búútà àlùwàlá wọn.

Ẹ kọ́ ọ láti máa lo agbọ̀n ẹnu, ìyẹn agbọ̀n tí a ń fi bo ajá lẹ́nu kó má baà géèyàn jẹ, èyí tó láàyè tó láti fi mí hẹlẹhẹlẹ kó sì mumi. Aṣọ tàbí okùn tí wọ́n dì mọ́ ọn lẹ́nu pinpin lè pa á nínú ooru wa. Ẹ fi ẹja sínú agbọ̀n náà, kí òun fúnra rẹ̀ ti imú bọ̀ ọ́, lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ tó dì í rárá. Àwọn ọmọdé ilé náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn: bí ajá bá ń bọ̀, ẹ má sáré, ẹ má pariwo, ẹ dúró, ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ojú sílẹ̀.

Ó ti gé ẹnìkan jẹ. Kí ni ṣíṣe?

Èèyàn lẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ha á lásán, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pupa, ata tàbí irun ajá sí i. Dìgbòlugi kì í ṣe ohun àfiṣeré: bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, agbára káká lẹnìkan fi ń yè é. Abẹ́rẹ́ tó bá tètè wọlé ló ń dènà rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́ ibì kan fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹranko máa wò ó. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le koko lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó géèyàn jẹ. Bí wọ́n bá sì pa á, ẹ ti sọ ẹ̀rí yẹn nù. Ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde: láti oṣù mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń tún un gbà lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ san owó ìwòsàn. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n nílé wọn kí wọ́n tó wá bá yín.

Ṣé títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tàbí oògùn máa wò ó?

Títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lè dín rírìn kiri kù. Kì í wo ẹ̀rù. Oògùn wà tí dókítà ẹranko lè kọ fún ajá tí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé kò lè kọ́ nǹkan kan, èyí tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ẹ má fún un ní oògùn èèyàn. Paracetamol àti ibuprofen lè pa ajá.

Irú ajá wo gan-an ni ì bá bá mi mu?

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé: ajá tó máa bá mi lọ sọ́jà, tó máa dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo bá ń ta ayò, tó máa gbó olè, tí kò ní gbó àna mi. Ajá bẹ́ẹ̀ wà. Ìran, ìyá àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ ló ń mú un wá, kì í ṣe owó.

Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n dá ìran ajá náà sílẹ̀ fún. Ajá Caucasian tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ báyìí, irun rẹ̀ wà fún òtútù orí òkè, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa lé àjèjì kúrò nídìí àgùntàn. Ẹ wá fi í sínú ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ń gbé ní Ṣágámù, àjèjì á máa kọjá níwájú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Lhasa Apso kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi í ṣe ní Tibet ni kó máa gbó bí ẹnìkan bá wọlé. Lójú tèmi, ajá ìbílẹ̀ wa ló yẹ ọ̀pọ̀ ilé níbí: ooru ò pa á, ó lọ́gbọ́n, ó mọ ìjìnlẹ̀ àdúgbò. Kìkì pé a kì í tọ́ ọ.

Ẹ lọ wo ìyá rẹ̀. Bó bá lè jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í láìkùn, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Láti ọjọ́ tó dé, ẹ máa gbé e mọ́ra lọ wo ayé: ọlọ́kadà, agboòrùn, onígbá, ọmọdé, ìró bẹ́ńbẹ́. Kó wà lápá yín, kó má fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ níbi tí ajá pọ̀ sí títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fi pé.

Ṣé kí n mú ajá kejì wá kó lè kọ́ ìwà lára rẹ̀?

Kì í ṣe nísinsìnyí. Ẹni tuntun ló máa ń kọ́ gbígbó lára ti ilé, ẹ ó wá ní méjì tó ń fò mọ́ géètì. Ẹ tún ti àkọ́kọ́ ṣe ná.

Ajá tí mo fọkàn rò kọ́ nìyí. Ṣé kí n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?

Ó máa ń dun èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín lórí rẹ̀. Ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tẹ́ ẹ ò lè ṣe kó má sí. Ajá tí kò lè bá yín lọ sọ́jà lè bá yín rin ọ̀nà oko láfẹ̀mọ́júmọ́. Èyí tí kò lè gba àlejò lè gba ọ̀rẹ́ méjì tó ń wá déédéé. Ọ̀pọ̀ alájá ti bá irú rẹ̀ gbé títí ó fi darúgbó, inú wọn sì dùn sí i.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá wà nílé, tí ajá náà sì ti géèyàn jẹ tí egbò rẹ̀ jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ọgbà, tí kò ní ọmọdé, tó mọ ajá, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo òótọ́ fún un, títí kan eyín tó fi kan èèyàn. Ẹ má gbé e sọ sẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má tà á fún ẹni tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Àwọn tó ń ra ajá fún ìbọ àti fún ọbẹ̀ wà láàárín wa, ẹni tó bá sì tà á láìbéèrè ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ìgbà mìíràn, kò sí ẹni tó lè gbà á láìléwu. Dókítà ẹranko ní abẹ́rẹ́ tó máa mú un sùn lọ láìmọ ìrora. Abẹ́rẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè fún. Ẹ má fún un ní òtápíàpíà tàbí májèlé kankan: ìrora rẹ̀ máa ń pẹ́, ohun tó bá sì ṣẹ́kù nílẹ̀ lè pa adìyẹ aládùúgbò, ó tún lè dọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.